WebSocket ni, àbí middleware? Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó yẹ ilé iṣẹ́ yín

Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí n sinmi lórí rẹ̀: "A fẹ́ kí ìsọfúnni máa dé lójú ẹsẹ̀ láàárín àwọn áàpù wa. Ṣé WebSocket ni ká lò ni, àbí ká gbé middleware wọlé?" Ohun méjì ló wà nínú ìbéèrè yìí tí wọ́n dì sínú ẹrù kan. Kí nǹkan tètè dé, ọ̀tọ̀ ni. Kí nǹkan má sọnù lójú ọ̀nà, ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ tó ń bi mí léèrè ń pariwo ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá wo ibi tó ń dùn wọ́n gan-an, ti ìkejì ni.

## Tí ẹ kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀

- Ṣé èèyàn tó jókòó ti síkírìnì ló ń dúró de ìsọfúnni náà? Ìsopọ̀ ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ lò, ìyẹn ìlà tó ń wà ní ṣíṣí láàárín browser àti server: WebSocket tàbí SSE.
- Ṣé áàpù mìíràn ló ń dúró dè é, tí nǹkan sì máa bàjẹ́ bí kò bá dé? Middleware ni, ìyẹn ẹni àárín tó ń tọ́jú mẹ́sẹ́ẹ̀jì.
- Ṣé méjèèjì ni? Middleware lẹ́yìn, ìsopọ̀ ojú ẹsẹ̀ níwájú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń já sí.
- Ẹ kò tíì mọ̀? Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ka ìyókù.

## Kí la ń pè ní kí?

Ìsopọ̀ ojú ẹsẹ̀ dà bí ìpè fóònù tí ẹnì kankan kò tíì gbé sílẹ̀. Browser pe server, ìlà ṣí, ó sì wà ní ṣíṣí. WebSocket, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2011 lábẹ́ orúkọ RFC 6455, ń jẹ́ kí tọ̀tún tòsì máa sọ̀rọ̀ lórí ìlà kan náà. SSE, ìyẹn Server-Sent Events, kò ju pé kí server máa sọ, kí browser máa gbọ́. Ibi tí méjèèjì ti jọra ni pé bí ìlà bá já, ọ̀rọ̀ tí server sọ lásìkò yẹn bá afẹ́fẹ́ lọ, àfi bí ẹ bá ti ṣètò bí ẹ ṣe máa rí i padà.

Ẹni àárín ni middleware. Áàpù kan kó mẹ́sẹ́ẹ̀jì fún un, ó gbà á, ó tọ́jú rẹ̀ títí áàpù kejì á fi wá gbà á, tí á sì sọ pé "ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́". RabbitMQ, Apache Kafka, ActiveMQ àti IBM MQ wà lára wọn. Orúkọ náà middleware fẹ̀ jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n ti mẹ́sẹ́ẹ̀jì nìkan ni mò ń sọ níbí, nítorí òun ni wọ́n máa ń fi wé WebSocket.

## Ìgbésẹ̀ márùn-ún kí ẹ tó yan

### 1. Ẹ kọ ìrìn ìsọfúnni kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ má yan ohun kan ṣoṣo fún gbogbo ilé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ìsọfúnni kọ̀ọ̀kan tó ń rìn láti ibì kan sí ibòmíràn. Ó lè rí báyìí fún ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà:

| Ìsọfúnni | Ẹni tó ń rán an | Ẹni tó ń gbà á | Bí kò bá dé ńkọ́? |
|---|---|---|---|
| Ọ́dà tuntun | Áàpù ìtajà | Áàpù ilé ìkẹ́rùsí | Oníbàárà sanwó, kò rí ẹrù |
| Owó ti wọlé | Áàpù owó sísan | Áàpù ìṣirò owó | Ìwé owó kò ní bára mu |
| Ẹrù ti kúrò nílẹ̀ | Áàpù ilé ìkẹ́rùsí | Fóònù oníbàárà | Á tún ojú ìwé náà ṣí, á rí i |
| Iye ọ́dà tòní | Database | Síkírìnì ọ̀gá | Kò sí nǹkan kan |

Ojú òpó kẹrin ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Níbi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ "owó sọnù" tàbí "iṣẹ́ dúró", ẹ fa ìlà sí i nídìí. Middleware ló máa gbé ìyẹn. Níbi tó bá ti jẹ́ "á tún un wò", ìsopọ̀ ojú ẹsẹ̀ ti tó, ó tiẹ̀ lè pọ̀ jù.

### 2. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó ń gbà á máa ń wà nílé

Èmi fúnra mi ni mo fi ara kọ́ ìgbésẹ̀ yìí. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, èmi ni mo kọ kóòdù tó ń gbé ọ́dà láti áàpù ìtajà lọ tààrà sórí kọ̀ǹpútà ilé ìkẹ́rùsí nípasẹ̀ WebSocket. Bí ọ́dà bá ti dé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á tẹ bébà tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ẹrù. Ó dùn ún wò. Oníbàárà á tẹ bọ́tìnì, kò tíì mí èémí kejì tí bébà ti ń jáde.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà yẹn pa ìdérí rẹ̀ dé, ó lọ jẹun. Nígbà tó padà dé lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ó ṣí i, kóòdù mi sì tún ìlà náà so pọ̀ kíá. Àmì kékeré tó wà lápá òkè síkírìnì tún di àwọ̀ ewé, "ìsopọ̀ wà". Gbogbo ọ́dà tó wọlé láàárín ogójì ìṣẹ́jú yẹn kò jáde lórí bébà kankan. Ọjọ́ kejì ni àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pè. A wá àṣìṣe nínú àkọsílẹ̀ server, a kò rí ẹyọ kan, nítorí kò sí ohun tó ṣe àṣìṣe. Server wò ó pé kò sẹ́ni tó wà lórí ìlà, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ní kó ṣe gan-an ló ṣe.

Nítorí náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó ń gba ìsọfúnni kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìgbà tí kì í sí nílé. Fóònù máa ń sùn. Kọ̀ǹpútà ń di pípadé. Àwọn áàpù inú ilé pàápàá kì í wà nílé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń gbé kóòdù tuntun sórí wọn.

### 3. Ẹ fi nọ́ńbà sí "lójú ẹsẹ̀"

Ẹ bi ẹni tó ni iṣẹ́ náà pé: ìṣẹ́jú àáyá kan ni àbí 30? Àbí ìṣẹ́jú márùn-ún? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti gbọ́ "lójú ẹsẹ̀, ó ṣe pàtàkì gan-an", tí mo sì bi wọ́n pé "bó bá pẹ́ ní 30 ìṣẹ́jú àáyá, kí ló máa ṣẹlẹ̀?", tí wọ́n sì wo ara wọn lójú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní síkírìnì 500 ń béèrè lọ́wọ́ server ní gbogbo 30 ìṣẹ́jú àáyá pé "ṣé nǹkan tuntun wà?" Ìyẹn jẹ́ ìbéèrè bíi 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Server kékeré á dáhùn ìyẹn láìsí wàhálà. Síkírìnì kọ̀ọ̀kan á pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 15 ní ìpíndọ́gba kó tó gbọ́ ìròyìn. Bí iṣẹ́ yín bá fara da ìyẹn, ẹ kò nílò WebSocket. Àwọn tó ń ta software kì í fẹ́ kí n sọ èyí.

### 4. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ń lọ, ó sì ń bọ̀

Ìròyìn, iye owó, àmì ìkìlọ̀: server nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú wọn, SSE tó. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń tàkúrọ̀sọ, tàbí tí wọ́n jọ ń kọ fáìlì kan náà: WebSocket.

### 5. Ẹ wá ẹni tó máa dìde lóru

Middleware jẹ́ ẹ̀rọ mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ máa tọ́jú. Díìsìkì rẹ̀ máa ń kún. Ó nílò ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ̀dà ìpamọ́, àti ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe bó bá dákú. Bí ẹ kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ yá èyí tí ilé iṣẹ́ kan ń bá yín tọ́jú lórí cloud, tàbí kí ẹ fi tábìlì kan nínú database yín ṣe queue (ibi tí mẹ́sẹ́ẹ̀jì ti ń tò dúró de ẹni tó máa gbà á). Fún mẹ́sẹ́ẹ̀jì ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lójúmọ́, tábìlì database kì í ṣe ohun ìtìjú rárá.

## Bí ẹ bá yan ìsopọ̀ ojú ẹsẹ̀

1. Ẹ kọ́kọ́ wo SSE. HTTP lásán ni. Browser fúnra rẹ̀ máa ń tún so pọ̀ bí ìlà bá já, á sì fi nọ́ńbà ìsọfúnni tó gbà gbẹ̀yìn ránṣẹ́ nínú header tó ń jẹ́ `Last-Event-ID`, kí server lè mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa kọ kóòdù tó máa kó ohun tó ti kọjá jáde. Kì í ṣe idán. Ewu kan wà: lórí HTTP/1.1, Chrome àti Firefox kì í ṣí ju ìlà 6 lọ sí domain kan. Ẹni tó bá ṣí táàbù méje máa rí i pé èyí keje kàn ń yí ṣáá ni. HTTP/2 ló wo ìyẹn sàn.

2. Ẹ lo `wss://`, ìyẹn WebSocket tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pamọ́ lójú ọ̀nà, ní port 443. Àwọn firewall àti proxy (ẹ̀rọ tó ń dúró láàárín browser àti server) inú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń dí `ws://` tí kò ní ìpamọ́ lọ́wọ́, nítorí wọ́n ń rí ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì yé wọn.

3. Ẹ wo timeout tó wà lójú ọ̀nà, ìyẹn àsìkò tí ẹ̀rọ kan máa dúró kó tó gé ìlà tó dákẹ́. Bí àwọn èèyàn bá ní "ó máa ń já lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan géérégé", ẹ má tíì fọwọ́ kan kóòdù yín. nginx, proxy tí ọ̀pọ̀ ń lò, máa ń gé ìlà tó bá dákẹ́ fún 60 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ni iye tí wọ́n fi sí `proxy_read_timeout` láti ilé. Load balancer ALB ti AWS, tó ń pín ìbéèrè fún àwọn server, náà ní 60 láti ilé. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì ṣe ti nọ́ńbà 4 tó tẹ̀ lé èyí. Fún SSE, ẹ pa `proxy_buffering` nínú nginx. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa kó ìsọfúnni jọ dípò kó máa tú u sílẹ̀.

4. Ẹ jẹ́ kí server máa fi ping (mẹ́sẹ́ẹ̀jì kékeré tó ń béèrè pé "ṣé o ṣì wà?") ránṣẹ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 25 tàbí 30. Browser á dáhùn pẹ̀lú pong fúnra rẹ̀. Ẹ má fi iṣẹ́ yìí lé JavaScript lọ́wọ́ nínú browser, nítorí Chrome máa ń fi ọwọ́ dẹ aago inú táàbù tí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, á wá di pé aago náà ń lù lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Fún SSE tí kò ní ping, ẹ fi ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì `:` ránṣẹ́. Browser á gbójú fò ó.

5. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí server bá ti dìde padà, gbogbo browser tí ìlà wọn já máa sáré kàn án lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tún ṣubú. Kí kóòdù yín dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 1, 2, 4, 8, títí dé 30, kó sì fi iye díẹ̀ tí kò dọ́gba kún un, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dé ní àsìkò tirẹ̀.

6. Bí ìlà bá padà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó kọjá. Èyí ni mi ò ṣe nígbà náà. Kí ìsọfúnni kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó tẹ̀ léra. Browser á sọ pé "mo gbọ́ dé 4,812", server á fún un ní 4,813 sókè láti inú database, kí wọ́n tó jọ máa bá ọ̀rọ̀ tuntun lọ.

7. Ẹ yẹ header `Origin`, tó ń sọ ojú ìwé tó ṣí ìlà náà, wò. Òfin CORS, tí browser fi ń pinnu ojú ìwé tó lè ka ìdáhùn server mìíràn, kò ká WebSocket mọ́. Ojú ìwé àjèjì lè fi cookie oníbàárà yín ṣí ìlà sí server yín bí ẹ kò bá yẹ̀ ẹ́ wò. Bákan náà, ẹ má fi token (àmì tó ń fi hàn pé ẹnì kan ti wọlé) pípẹ́ sínú àdírẹ́sì URL. Inú àkọsílẹ̀ server ló máa sùn sí, tí gbogbo ẹni tó ní àyè sí i á máa kà á. Ẹ lo cookie, tàbí token tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, tí kò sì ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì.

8. Bí server bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ wá bí wọ́n á ṣe máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ lè dé server A nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ server B ni ìlà oníbàárà wà. Redis Pub/Sub ni ọ̀pọ̀ ń lò, ó sì yá, ṣùgbọ́n kì í tọ́jú nǹkan kan fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ó dára bí ẹ bá ti ṣe ìgbésẹ̀ kẹfà.

Ohun kékeré kan tó máa ń pa àwọn èèyàn lẹ́kún lọ́jọ́ àkọ́kọ́: lórí ọ̀pọ̀ Linux, ètò kan kò lè ṣí ju fáìlì 1,024 lọ láti ilé, ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ fáìlì kan. Ẹ fi `ulimit -n` yẹ̀ ẹ́ wò kí oníbàárà tó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

## Bí ẹ bá yan middleware

Èwo nínú wọn? Ọ̀nà tí mo máa ń gbà yàn kò le. Bí mẹ́sẹ́ẹ̀jì bá jẹ́ *iṣẹ́ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe kó sì parí*, bíi "tẹ ìwé owó yìí", RabbitMQ ni: bí wọ́n bá ti ṣe é tán, ó kúrò nínú queue. Bó bá jẹ́ *ohun tó ṣẹlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ áàpù fẹ́ gbọ́, tí wọ́n sì lè fẹ́ padà sẹ́yìn kà*, Kafka ni: ó ń tọ́jú wọn yálà ẹnì kan kà á tàbí kò kà á, ọjọ́ 7 ni láti ilé. Bí ilé iṣẹ́ yín bá ti ní IBM MQ tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láti ọdún pípẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ jàre.

1. Ẹ rí i dájú pé wọ́n ń tọ́jú mẹ́sẹ́ẹ̀jì lóòótọ́. Nínú RabbitMQ, nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé: kí queue jẹ́ durable (kó má parẹ́ bí RabbitMQ bá kú tó sì dìde), kí mẹ́sẹ́ẹ̀jì jẹ́ persistent (kó wà lórí díìsìkì), kí ẹni tó ń rán an sì dúró gba publisher confirm (ìdáhùn RabbitMQ pé ó ti gbà á). Bí ọ̀kan bá yẹ̀, mẹ́sẹ́ẹ̀jì lè bá iná tó kú lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe méjì àkọ́kọ́, tí wọ́n sì gbàgbé ẹ̀kẹta.

2. Ẹ má sọ "ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́" kí iṣẹ́ tó parí. Ohun tí wọ́n ń pè ní ack nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ack ránṣẹ́, tí áàpù rẹ̀ wá ṣubú láàárín iṣẹ́, ti sọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì náà nù.

3. Ẹ gbà pé ẹyọ kan náà máa dé lẹ́ẹ̀mejì. Bí áàpù bá ṣe iṣẹ́ tán, tó sì ṣubú kó tó fi ack ránṣẹ́, broker, ìyẹn middleware tó ń tọ́jú mẹ́sẹ́ẹ̀jì náà, máa tún un rán. Ẹ fún mẹ́sẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an. Áàpù tó ń gbà á á fi nọ́ńbà yẹn sínú tábìlì tí kò gba ẹ̀dà, nínú transaction (iṣẹ́ database tó ń parí lódindi tàbí kó má ṣẹlẹ̀ rárá) kan náà tó fi ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Bí nọ́ńbà náà bá ti wà níbẹ̀, á fi ack ránṣẹ́, á sì kọjá. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ máa gba owó lọ́wọ́ oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì.

4. Ẹ ṣọ́ra fún bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Kafka ń kó mẹ́sẹ́ẹ̀jì irú kan sínú topic, ó sì ń pín topic sí apá tó ń jẹ́ partition. Inú partition kan ṣoṣo ló ti ń pa ìtòtẹ̀léra mọ́, kì í ṣe nínú topic lódindi. Ẹ fi nọ́ńbà ọ́dà ṣe key (ohun tó fi ń mọ partition tí mẹ́sẹ́ẹ̀jì máa lọ), kí gbogbo ọ̀rọ̀ ọ́dà kan lè wà lójú kan. Nínú RabbitMQ, bí ẹni tó ń gbà bá pé méjì, "wọ́n fagi lé ọ́dà" lè parí kí "wọ́n ṣí ọ́dà" tó parí.

5. Ẹ ṣe ibi ìkósí fún èyí tó bàjẹ́. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì kan tí kóòdù yín kò lè kà lè máa padà wá títí láé, kó sì dí ojú ọ̀nà mọ́ àwọn tó kù. Lẹ́yìn ìgbà márùn-ún, ẹ jù ú sínú dead letter queue. Kí ẹnì kan sì máa wò ó! Mo mọ ibi tí nǹkan ti kó jọ sínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ.

6. Ẹ má kọ sí ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kóòdù yín bá kọ ọ́dà sínú database, tó wá fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí broker, ó lè ṣubú láàárín méjèèjì. Ọ́dà á wà, ẹnì kankan kò ní gbọ́. Ẹ kọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì náà sínú tábìlì kan tí wọ́n ń pè ní outbox, nínú transaction kan náà pẹ̀lú ọ́dà. Ètò kékeré kan lọ́tọ̀ á máa kó ohun tó wà nínú outbox lọ fún broker.

7. Ẹ má fi fáìlì ńlá ránṣẹ́. Nǹkan bíi 1 MB ni Kafka ń gbà láti ilé. Ẹ tọ́jú àwòrán tàbí PDF sí ibòmíràn, kí ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ nìkan ránṣẹ́.

## Méjèèjì pa pọ̀: ìrìn ọ́dà kan

Bí mo ṣe tún ti ilé ìkẹ́rùsí yẹn ṣe nígbẹ̀yìn rèé. Oníbàárà tẹ bọ́tìnì. Áàpù ìtajà kọ ọ́dà àti ìlà outbox sínú database lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dá oníbàárà lóhùn pé "a ti gbà á". Ètò outbox gbé mẹ́sẹ́ẹ̀jì fún RabbitMQ, ó gba confirm, ó sàmì sí ìlà náà pé ó ti lọ. Áàpù ilé ìkẹ́rùsí gbà á nínú queue, ó yẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ wò, ó kọ ọ́ sínú database tirẹ̀ pé "kò tíì tẹ̀", ó fi ack ránṣẹ́. Ìgbà yìí ló tó wá fi WebSocket sọ fún kọ̀ǹpútà tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí pé "nǹkan tuntun wà".

Ẹ wò ó dáadáa: WebSocket kò gbé ọ́dà rárá. Ó kàn lu agogo ni. Kọ̀ǹpútà gbọ́ agogo, ó lọ béèrè gbogbo ọ́dà tó ṣì wà ní "kò tíì tẹ̀", ó tẹ̀ wọ́n, ó sì jábọ̀ fún server lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pa ìdérí kọ̀ǹpútà dé fún wákàtí méjì, agogo á lù lásán, ṣùgbọ́n ọ́dà kò ní lọ síbì kankan. Bí wọ́n bá ṣí i, ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsopọ̀ á kó gbogbo rẹ̀ wá. Mo tún fi aago kan kún un tó ń béèrè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bóyá agogo lù, bóyá kò lù.

## Àṣìṣe tí mo máa ń bá pàdé

- Wọ́n ṣí broker sílẹ̀ fún browser. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí developer tools lè rí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ẹ fi server tiyín sáàárín.
- Wọ́n gbé Kafka wọlé fún áàpù méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ ìgbà 200 lóòjọ́. Ìgbà tí wọ́n ń lò lórí ìtọ́jú rẹ̀ ju ti iṣẹ́ gan-an lọ.
- Wọ́n gba àmì àwọ̀ ewé gbọ́. "Ìsopọ̀ wà" kò túmọ̀ sí pé nǹkan kan kò sọnù. Ẹ fi àsìkò ìsọfúnni tó dé gbẹ̀yìn hàn lórí síkírìnì.
- Kọ̀ǹpútà kan náà ni wọ́n fi dán gbogbo rẹ̀ wò. Kò sí proxy níbẹ̀, kò sí Wi-Fi tó ń já. Ó dájú pé á ṣiṣẹ́.
- Queue ń gùn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ fi ìkìlọ̀ sórí ọjọ́ orí mẹ́sẹ́ẹ̀jì tó pẹ́ jù, kì í ṣe sórí iye wọn nìkan. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tó ń rìn kò burú tó ẹyọ kan tó ti jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta.

## Bí kò bá pọn dandan, ẹ wo àwọn wọ̀nyí

Webhook: áàpù kan pe URL òmíràn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó dára láàárín ilé iṣẹ́ méjì tí wọn kò jọ ní broker kan náà. Ẹ yẹ àmì ìfọwọ́sí rẹ̀ wò, kí ẹ sì dáhùn kíá kí ẹ tó ṣe iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rán an kì í ní sùúrù.

Kí browser máa béèrè lóòrèkóòrè: mo ti ṣírò rẹ̀ lókè.

Fáìlì alaalẹ́: áàpù ìṣirò owó tó jẹ́ pé àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣí i kò nílò ohun tó ń dé lójú ẹsẹ̀. Fáìlì CSV kan ní agogo méjì òru, pẹ̀lú iye ìlà àti àpapọ̀ owó nísàlẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè fi yẹ̀ ẹ́ wò, á ṣe é.

## Ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò kí ẹ tó gbé e jáde

- [ ] Tábìlì ìgbésẹ̀ 1 wà lórí bébà, ẹni tó ni iṣẹ́ náà sì ti rí ojú òpó kẹrin.
- [ ] Gbogbo timeout tó wà láàárín browser àti server ju àlàfo ping lọ.
- [ ] Ẹ ti pa server ní ọ̀sán gangan, ẹ sì rí bí àwọn browser ṣe padà.
- [ ] Ẹ ti fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ohun kan ṣoṣo ló sì ṣẹlẹ̀.
- [ ] Ẹnì kan ní orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dead letter queue.
- [ ] Ẹ ti pa ìdérí kọ̀ǹpútà kan dé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi ọ́dà 20 ránṣẹ́, ẹ ṣí i, ẹ sì ka bébà tó jáde. Bó bá jẹ́ 19 tàbí 21, ẹ má tíì gbé e jáde.